Ilé Odídẹ Kì í Ṣe Àgò Adìyẹ

Ọ̀gá wẹ́dà gba bébà náà, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó tún gbé e jìnnà sójú díẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, ní ìsọ̀ kan ládùúgbò Ìwó Road, n'Ìbàdàn. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ń jó géètì lọ́wọ́, iná ń ta pàrà-pàrà sójú títì. Ohun tí oníbàárà fi bírò yà sórí bébà ni àpótí onírin kan: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́ta láti iwájú dé ẹ̀yìn, mẹ́fà ní gíga, ilẹ̀kùn ńlá kan, ojú fèrèsé kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Irú ajá wo lẹ fẹ́ kó sínú eléyìí, ẹ̀gbọ́n?"

"Kì í ṣe ajá. Odídẹ ni."

"Mélòó?"

"Ẹyọ kan."

Ni ẹ̀rín bá sọ. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé gọ́gùsì kúrò lójú, ó ní kí wọ́n bá òun bẹ odídẹ náà kó gba òun sí bọ́ìsì-kọ́tà, nítorí yàrá tí òun ń gbé kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Oníbàárà, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ kó tó kúrò nílé pé wọn yóò fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá rẹ̀ ló ni ẹyẹ náà. Bàbá kú, wọ́n sìnkú, wọ́n pín ilẹ̀, wọ́n pín aṣọ àti bàtà, odídẹ ló kù tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti wà nílé ìwé girama ni ẹyẹ ọ̀hún ti ń gbé inú àpótí pákó oníwáyà kan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, irú èyí tí àwọn aládìyẹ fi ń kó adìyẹ lọ sọ́jà. Tó bá na apá kan, wáyà ni yóò kàn. Tó bá fẹ́ yí padà, ìrù pupa rẹ̀ á ha ara pákó. Gbogbo àyà rẹ̀ ti pá, awọ ara rẹ̀ hàn síta. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹnu tu ìyẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran," ó sọ fún ọ̀gá wẹ́dà. "Ó yẹ̀ ẹ́ wò tán, kò fún mi lóògùn kankan. Ó ní kí n lọ kọ́lé."

Ogójì ọdún nínú ohun ìrìnnà

Àgò tí a bá lọ́wọ́ àwọn baba wa, ohun tí wọ́n fi ń gbé ẹran ọ̀sìn láti ibì kan dé ibòmíràn ni, tàbí ohun tí wọ́n fi ń bo ìyá adìyẹ àtàwọn ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àṣá má baà gbé wọn. Adìyẹ tó wọ àgò láàárọ̀ lè ti di ọbẹ̀ kó tó di alẹ́. Kò sídìí kankan tí ẹnikẹ́ni fi ní láti bèèrè bóyá ibẹ̀ rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Nígbà tí odídẹ dé láti inú igbó, àgò yẹn náà ló wà nílẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ sínú rẹ̀. Nígbà tí káfíńtà sì wá fẹ́ fi pákó àti wáyà ṣe èyí tó lágbára jù ú lọ, ìwọ̀n àgò adìyẹ náà ló tún gbà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọgbọ́n àrà ṣe, tí wọ́n gbẹ́ òdòdó sí òrùlé rẹ̀, tí wọ́n fi fáníìṣì kùn ún títí tó fi ń dán, síbẹ̀ tí ẹyẹ inú rẹ̀ kò lè na apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò burú rárá. Ìwọ̀n ni wọn ò kà sí.

Odídẹ tí a ń wí yìí, aláwọ̀ eérú onírù pupa, gùn tó sẹ̀ǹtímítà 33 láti orí dé ìdí ìrù. Tó bá tẹ́ apá rẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ bíi sẹ̀ǹtímítà 50. Kò wúwo, gírámù 400 sí 500 péré ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó lè lo ọdún 40, ó sì lè lò tó 60. Adìyẹ ò dé ìdá mẹ́rin ìyẹn. Nínú igbó, ẹgbẹẹgbẹ́ ni wọ́n ń sùn sórí igi gíga. Ilẹ̀ á mọ́, wọn á tú ká, wọn á fò jìnnà lọ wá oúnjẹ, ìrọ̀lẹ́ á lẹ́, wọn á tún padà pẹ̀lú ariwo.

Àwa Yorùbá mọ èyí dáadáa. Nígbà tí a bá ń ṣàdúrà fún ẹni tó ń lọ sírìn-àjò, odídẹ kì í kú sóko ìwájẹ là ń wí, kí onítọ̀hún lè lọ ire kó bọ̀ ire. A mọ̀ pé àlọ àti àbọ̀ ni ayé ẹyẹ yìí. Ó wá yà mí lẹ́nu pé àwa kan náà la tún ń fi í sínú ohun tí kò fẹ̀ ju páálí tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ọ̀wọ̀ tí a ní fún un kì í ṣe kékeré. Àwọn ará Ìwó kì í pa ìtàn ìlú wọn láìdárúkọ odídẹ, nítorí wọ́n ní òun ló ṣàmì ibi tí àwọn baba ńlá wọn yóò tẹ̀dó sí. Ikóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe adé ọba lọ́ṣọ̀ọ́, òun náà ló wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà, àwọn ọlọ́rìṣà Brazil àti Cuba ṣì ń wá a títí di òní. Ìyẹ́ yìí a máa bọ́ fúnra rẹ̀ tí àsìkò ìpààrọ̀ ìyẹ́ bá dé, ẹni tó bá ní sùúrù á ṣà á nílẹ̀ àgò. Ó ṣeni láàánú pé àwọn kan ń fà á tu lára ẹyẹ tó wà láàyè.

Ìbú ló ń wá

Àwọn tó mọ̀ nípa ẹyẹ fẹnu kò pé ibi tó kéré jù lọ tí odídẹ kan lè gbé ni èyí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 ní ìbú, 60 láti iwájú dé ẹ̀yìn, àti 90 ní gíga. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọkàn sí i: kíkéré jù ni mo pe ìyẹn, fún ẹyẹ tó ń jáde síta lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní aago márùn-ún tí òun kì í sì í dé títí alẹ́ ní láti fi kún un gan-an.

Tí ilé bá há tí ẹ sì ní láti yan ọ̀kan, ẹ fi kún ìbú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe àgò tó ga fíofío tó sì tín-ín-rín, torí pé ó wuni lójú, kì í sì í gbàyè ní pálọ̀. Ẹyẹ kì í fò lọ sókè ní ìdúró. Iwájú ló ń fò sí. Gíga tí kò ní ìbú, àkàbà lásán ló jẹ́ fún un.

Èyí tó rí róbótó tún burú jù. Odídẹ jẹ́ ẹyẹ tó ń bẹ̀rù, ó ń fẹ́ igun kan tí yóò fẹ̀yìn tì tí nǹkan bá ṣàdédé dún. Inú àgò róbótó, kò sí igun.

Àlàfo láàárín ọ̀pá irin kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà méjì sí méjì ààbọ̀ lọ. Tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹyẹ á ti orí bọ ọ́, kò sì ní lè fà á padà. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ nínú àwọn ọ̀pá náà wà ní ìbùlẹ̀, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, nítorí odídẹ ń fi ẹnu gun nǹkan: ó gé e mọ́ra, ó fa ara rẹ̀ sókè, ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ onígun-mẹ́fà wẹ́wẹ́ yẹn, ẹnu tó ń fọ́ èkùrọ́ kò ní pẹ́ gé e.

Ní ìsàlẹ̀, ẹ ní kí wẹ́dà ṣe irin oníhò sílẹ̀, kí páànù pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè fà jáde bíi dúrọ́ọ̀. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ tẹ́ sínú páànù náà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn káfíńtà á fẹ́ fi ìyẹ̀fun pákó ta yín lọ́rẹ. Ẹ dúpẹ́, ẹ má gbà á. Ìyẹ̀fun pákó tó bá tutù á bu, ohun tó bá bu ń mú ẹ̀dọ̀fóró odídẹ kíákíá.

Májèlé tó ń dán

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti gùn jù nìyí, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ ọwọ́ àdáṣe ti ń pa ẹyẹ jù lọ.

Wáyà funfun tó ń dán tí wọ́n ń tà ní róòlù-róòlù ní ìsọ̀ alátúnlé, zinc ni wọ́n rì í sí kí ó má baà dípẹtà. Ojú èèyàn ń rí i pé ó mọ́. Odídẹ ní tirẹ̀, ẹnu ló fi ń yẹ nǹkan wò. Á máa gé wáyà náà, á máa lá a, á máa yọ àwọn kókó kéékèèké tó gbẹ mọ́ oríkèé wáyà. Ìyẹ̀fun funfun tó máa ń jáde lára rẹ̀ tí òjò bá ti pa á, zinc náà ni. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa gba inú ara rẹ̀.

"Wọ́n á gbé e dé, wọ́n á ní ẹnì kan ló sà sí ẹyẹ àwọn," dókítà ẹran kan tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí tipẹ́ sọ fún mi. "Kò lè dúró lórí igi mọ́, ó ń bì, ó ń mu omi àmujù, ìgbẹ́ rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n ni pé, ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àgò tuntun fún un ni?"

Nígbà tí mo sọ èyí fún ọ̀gá wẹ́dà, mo rò pé yóò jiyàn. Kò jiyàn. Ó gbé páìpù funfun kan sókè, ó ní òun ò gbọ́ ti ẹyẹ rí, ṣùgbọ́n òun mọ ohun tí irú irin yìí ń ṣe fún àwọn. Tí àwọn bá jó o láti àárọ̀ dalẹ́ nínú ìsọ̀ tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀, ara àwọn á gbóná lóru, òtútù á máa mú àwọn, ìgbà tó bá di ọjọ́ kejì á lọ. Mílíìkì làwọn fi ń bá a jà. Zinc kan náà ni, èéfín rẹ̀ ló ń mú àwọn yẹn. (Ní ti mílíìkì, ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ á ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ú lọ.)

Òjé náà wà lára àwọn ọ̀tá. Ó ń bẹ nínú ọ̀dà ilẹ̀kùn àtijọ́, ó ń bẹ nínú ohun tí àwọn oníṣẹ́ rédíò fi ń lẹ wáyà pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi géètì àtijọ́ bàbá ẹ̀ ṣe àgò, kó kọ́kọ́ wo iye ọ̀dà tó ti wà lára rẹ̀.

Kí ni kí a wá lò? Irin tí kì í dípẹtà, èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò àti ṣíbí, ló dára jù. Owó rẹ̀ pọ̀. Ohun tó kàn lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá irin dúdú, tí wọ́n fi ọ̀dà oníyẹ̀fun bò, tí wọ́n sì fi iná sè é mọ́ ọn lára. Ọ̀dà yẹn le, kì í tètè ṣí. Ọ̀dà olómi tí wọ́n kàn fi búrọ́ọ̀ṣì kùn, ẹyẹ á ṣí i jẹ.

Tó bá jẹ́ wáyà funfun náà ni agbára yín ká, ẹ da fínígà sínú abọ́, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì líle, ẹ fọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ dojú kọ oríkèé kọ̀ọ̀kan títí àwọn kókó yẹn yóò fi bọ́. Ẹ fi omi ṣàn án dáadáa. Ẹ gbé e síta fún oòrùn àti òjò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ tún un fọ̀. Ìyẹn á dín ewu kù, kò ní pa á run. Ọwọ́ ẹyẹ tó ń fi ẹnu gé nǹkan láìsinmi, mi ò ní fi í lé e.

Kí ẹ tó gbé iṣẹ́ kúrò ní ìsọ̀, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo inú rẹ̀ lára. Ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀ máa ń ní ṣóńṣó. Ibi tó bá gún yín lọ́wọ́, á gún ẹyẹ lójú; ẹ ní kí wọ́n lọ̀ ọ́.

Ẹ̀ka gúáfà

Pákó róbótó kan ni ọ̀pọ̀ káfíńtà máa ń nà la inú àgò kọjá: ó gún régé, ó dán, ó sì nípọn bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Orí rẹ̀ ni ẹyẹ yóò dúró sí tọ̀sán-tòru. Ọmọ ìka méjì odídẹ dojú kọ iwájú, méjì dojú kọ ẹ̀yìn. Tí ohun tó ń dì mú kò bá yí padà rí, ojú kan náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ lójoojúmọ́, á bó, á wú, á di egbò tí kì í san bọ̀rọ̀. Ọ̀pá irin burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Gúáfà ni mo fara mọ́. Ó le, kò tọ́, ibì kan nípọn, ibì kan tín-ín-rín, ó ní kókó. Igi ọsàn àti máńgòrò náà dára tí wọn ò bá ti fín oògùn kòkòrò sí wọn. Ẹ má ṣe lo igi píà, ẹ má sì fún un ní èso rẹ̀ jẹ. Píà tí àwa ń fi jẹ búrẹ́dì ń pa odídẹ. Ẹ fọ ẹ̀ka náà, ẹ sá a sóòrùn, ẹ so ó ní oríṣiríṣi gíga, kí èyí tó ga jù wà ní igun ẹ̀yìn, nítorí ibẹ̀ ni yóò fi ṣe ibùsùn. Àwo omi àti oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ka kankan. Ìdí rẹ̀ ò le láti mọ̀.

Á jẹ ẹ̀ka náà tán láàárín oṣù díẹ̀. Inú yín ni kó dùn.

Ẹni tó mọ kọ́kọ́rọ́

Lọ́dún 1977, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Irene Pepperberg ra odídẹ kan ní ìsọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Chicago, ó sì sọ ọ́ ní Alex. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ ọ. Nígbà tí Alex fi kú ní 2007, ó ti mọ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ó ń dá àwọ̀ àti ìrísí mọ̀, ó ń ka nǹkan dé mẹ́fà. Àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́, wọ́n pariwo. Àwa tí a ti ń pè é ní ayékòótọ́ kò tíì gbàgbé ìdí rẹ̀.

Ẹnu rẹ̀ nìkan kọ́ ló gbọ́n. Ìkọ́ wáyà tí wọ́n fi ń há àgò adìyẹ, á wo ọwọ́ yín bí ẹ ṣe ń ṣí i, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ṣí i fúnra rẹ̀. Obìnrin kan ní Òṣogbo tó jogún odídẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ sọ pé òun rò pé àwọn ọmọ ilé ló ń gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, òun sì ti na méjì nínú wọn kí òun tó ká ẹyẹ náà mọ́ ibi tó ti ń fi ahọ́n ti ìkọ́ sókè. Àgádágodo kékeré ló parí ìjà. Ẹ so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ara ògiri nítòsí, kí ẹ má lọ máa wá a lọ́jọ́ tí iná bá ṣẹ́ yọ.

Ilẹ̀kùn tó ń já wálẹ̀ láti òkè ò dára. Ó lè ká ẹyẹ mọ́ ọrùn. Èyí tó ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ṣe, kó sì fẹ̀ tó láti gba ọwọ́ yín pẹ̀lú odídẹ lórí rẹ̀. Ojú fèrèsé kéékèèké méjì tó wà lórí bébà òṣìṣẹ́ ìjọba yẹn, ti àwo omi àti ti oúnjẹ ni.

Ọpọlọ tó tó báyìí kò lè jókòó lásán. Ẹyẹ tí kò rí nǹkan ṣe, ara rẹ̀ ni yóò fi ṣe é, èyí tó sì kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni ìyẹ́ àyà rẹ̀. Ẹ fún un ní ṣùkù àgbàdo, igbá àgbọn, páálí tí kò ní ìńkì púpọ̀, kó fà á ya bó ṣe wù ú. Ẹ di oúnjẹ mọ́ inú ewé kó tú u. Ẹyìn ọ̀pẹ ni ààyò rẹ̀ láti inú igbó wá, á bó ẹran ara rẹ̀ jẹ, á sì fi wákàtí kan jà pẹ̀lú èkùrọ́. Ata tí a ń fún un jẹ náà kò ṣe é ní nǹkan kan, nítorí ẹyẹ kì í gbọ́ títa rẹ̀. Ẹ̀pà àti búrẹ́dì lójoojúmọ́ ló ń pa wọ́n. Kò sí kálísíọ́mù tó tó níbẹ̀, egungun odídẹ sì nílò rẹ̀ àti oòrùn àárọ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí

Ẹ má gbé e sí kíṣìnì. Fúráìpáànù dúdú tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ yẹn, tó bá gbóná jù lórí iná, ó ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde tí imú èèyàn lè má gbọ́ rárá, ṣùgbọ́n tó ń pa ẹyẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èéfín jẹnẹrétọ̀, kọ́ìlì ẹ̀fọn àti oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fín yàrá, ẹ gbé e jáde kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan agolo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ jẹ́ kí wẹ́dà fi táyà kéékèèké sí ẹsẹ̀ àgò náà.

Pálọ̀ dára, kí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó ń fẹ́ ìjókòó àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n ó tún ń fẹ́ oorun wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá, ẹyẹ tó bá sì ń bá yín wo bọ́ọ̀lù títí di aago mọ́kànlá lálaalẹ́, á di oníkanra. Ẹ ta aṣọ bò ó.

Tó bá jẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé ni, ìjàlọ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ìjàlọ tó bá wọlé lóru kì í fi nǹkan kan sílẹ̀ láàyè nínú àgò. Ọgbọ́n àwọn àgbà ṣì ṣe é lò: ẹ ti ẹsẹ̀ àgò kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo, ẹ bu òróró tí ẹ ti dín nǹkan lọ́pọ̀ ìgbà sínú rẹ̀, kí àgò má sì fara kan ògiri. Ní ìgbà ọyẹ́, ẹ máa fi omi wọ́n ìyẹ́ rẹ̀ láàárọ̀.

Ta ló gbé e wá?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn odídẹ tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, láti inú igbó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Ọdẹ àtijọ́ kan ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á so ẹyẹ kan tó ti wà lọ́wọ́ mọ́ orí igi, á máa ké, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á bà lé ẹ̀ka tí wọ́n ti fi àtè kùn. "Nígbà náà, ẹ̀ẹ̀kan la lè rí ogún," ó ní. "Báyìí, ẹ lè jókòó títí kí ẹ má gbọ́ ohùn ọ̀kan."

Kò ṣàsọdùn. Ní orílẹ̀-èdè Ghana, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, iye odídẹ tó kù ti fi ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọwọ́ àtè ló fà á, gígé igi ńlá oníhò tí wọ́n ń yé sí náà sì dá kún un. Ní ọdún 2016 yẹn kan náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí CITES, àdéhùn lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó, pàdé ní Johannesburg, tí wọ́n dìbò pé kí òwò odídẹ inú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn dópin. Ìlànà náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2017. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí ẹranko tó ń parun láti 1985, NESREA, àjọ ìjọba tó ń rí sí òfin àyíká, sì wà lára àwọn tó ń mú un ṣẹ.

Nítorí náà, ẹni tó ti ní odídẹ tàbí tó jogún rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò ní, kó má ṣe tìtorí pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àgò kó wá lọ ra èyí tí wọ́n ń nawọ́ rẹ̀ sí ọkọ̀ lẹ́bàá títì. Tó bá jẹ́ pé ẹyẹ ló kàn ń wù ú, àwọn budgerigar kéékèèké aláwọ̀ ewé àti búlúù wà tí wọ́n ti ń pamọ sínú àgò láti ìrandíran. Ọ̀dọ́bìnrin kan n'Ífákò, ní Èkó, fi ibùsùn onípákó tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà jù ṣe ti méjì tirẹ̀. Àlàfo tó ṣe jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan péré, nítorí orí tiwọn kéré. Ẹyẹlé náà ńkọ́? Òun ò nílò ìtìmọ́lé rárá, á jáde á sì wọlé fúnra rẹ̀.

Ìkólọ

Odídẹ àgbà kì í sáré wọ ilé tuntun. Ẹ gbé àgò méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì, ẹ gbé oúnjẹ tó fẹ́ràn jù sí ti tuntun. Ó lè lo ọjọ́ púpọ̀ kó máa wò ó. Ẹ má fọwọ́ gbá a mú kẹ́ ẹ tì í wọlé, nítorí á gé yín jẹ, kò sì ní gbàgbé. Òṣìṣẹ́ ìjọba ọjọ́sí sọ fún mi lórí fóònù pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni tiwọn fi jókòó sórí òrùlé àpótí àtijọ́ kó tó rékọjá. Ìyẹ́ àyà ńkọ́? Ó ní díẹ̀ ti ń hù, ṣùgbọ́n dókítà ti kìlọ̀ fún òun pé ibi tó ti pá fún ogún ọdún lè má hù mọ́.

Ó ku ẹyọ kan tí àwọn èèyàn kì í rò. Ẹni àádọ́ta ọdún tó ń ṣe àgò lónìí, ó ṣeé ṣe kí odídẹ sin òun náà. Nínú àwọn ọmọ rẹ̀, kó wo èyí tí ẹyẹ ń dá lóhùn, kó sì jẹ́ kí ìyẹn máa fọ àwo omi láti ìsinsìnyí.